Bàbá Oǹdó, Tíṣà àti Ẹ̀jẹ̀ Gómìnà

Ní ọjọ́ kejì tí bàbá mi àgbà kú, Àǹtí Bùnmi, àbúrò ìyá mi, ṣí fíríìjì wọn ní Oǹdó láti bu omi tútù fún àlejò, ó sì fi igbe ta. Láàárín abọ́ ọbẹ̀ ilá kan àti ẹ̀kọ mẹ́rin ni ìgò ẹ̀jẹ̀ méje tò sí, kéékèèké, ọlọ́mọrí elése àlùkò, orúkọ àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ sì wà lára wọn. Tèmi wà níbẹ̀: Àdùkẹ́. Ti Àǹtí Bùnmi náà wà níbẹ̀. Àwọn àlejò dìde. Ọ̀kan nínú wọn ti mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ kí n tó ráyè ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ ni. Bàbá fi orúkọ wa sọ àwọn ewúrẹ́ wọn kí wọ́n má baà gbàgbé láti béèrè ẹnikẹ́ni nínú wa.

Àǹtí Bùnmi jókòó, ó di àyà mú. “Bàbá yìí! Ẹ ò lè kú kẹ́ ẹ má dẹ́rù bani!”

Èmi tí mò ń kọ èyí, ìwé mẹ́wàá ni mo kà, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́. Mi ò lè kọ ìtàn ayé Bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, mi ò sì fẹ́ kọ ohun tí kò dá mi lójú. Ohun tó dá mi lójú nìyí.

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ pè wọ́n ní Bàbá Oǹdó, nítorí Oǹdó la ti ń lọ kí wọn. Ní àdúgbò wọn, Bàbá Ẹlẹ́jẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Bàbá kì í ṣe dókítà. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ẹran ti ìjọba ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n á tẹ́ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n á fi aró pa á láwọ̀, wọ́n á sì fi máíkírósíkóòpù wò ó. Dókítà ni yóò sọ àìsàn tó ń ṣe ẹran náà. Bàbá á kàn sọ ohun tí wọ́n rí. Iṣẹ́ yẹn wọ̀ wọ́n lára débi pé wọn kì í sọ ohun tí wọn kò bá rí, ì báà ṣe nípa òjò. Bí o bá ní, “Bàbá, ó jọ pé òjò máa rọ̀,” wọ́n á jáde, wọ́n á wo ojú ọ̀run fún ìṣẹ́jú kan gbáko, wọ́n á wọlé padà. “Ìkùukùu ni mo rí.”

Èmi sì rèé, ẹ̀rù ni mo fi ń gbé ayé. Kí ọmọ mi Ìní tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, mo máa ń wo bàtà rẹ̀ bóyá àkekèé wà nínú rẹ̀, mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá pe Bàbá pé ara ọmọ gbóná, mo ti máa ń bá a dé ibojì kí n tó parí ọ̀rọ̀. Bàbá á jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ títí èémí á fi tán lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní, “Àdùkẹ́, má sọ ohun tí ò ń bẹ̀rù fún mi. Sọ ohun tí o rí.”

Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé máíkírósíkóòpù àtijọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀ wọn, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ wọn wò ní gbogbo Sátidé, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan. Èyí tí kò bá yé wọn, wọ́n á gbé e sínú fúláàsì oúnjẹ pẹ̀lú yìnyín, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì lọ fi han dókítà ẹran kan ní Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ kan, bọ́ọ̀sì já sí kòtò nítòsí Bọ́lọ́rundúró, fúláàsì ṣí, àwọn ìgò yí káàkiri lábẹ́ àga. Obìnrin kan mú ọ̀kan nílẹ̀, ó ka orúkọ tó wà lára ìgò náà, ó sì ké, “Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn o!” Dẹ́rẹ́bà dúró. Gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin méjì di Bàbá mú ní kọ́là. Bàbá ní kí wọ́n pe àwọn tó ni orúkọ. Bí fóònù mi ṣe dún nìyẹn níbi tí mo ti ń gé aṣọ.

“Ṣé ìwọ ni Àdùkẹ́?”

“Èmi ni.”

“Ṣé o wà láàyè?”

Mo kọ́kọ́ wo apá mi méjèèjì. “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ẹ̀jẹ̀ rẹ wà lọ́wọ́ wa níbí.”

Mo jókòó lórí aṣọ oníbàárà. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn Bàbá lókèèrè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá tíṣà ìjọ sọ̀rọ̀: “Àdùkẹ́, jọ̀ọ́, fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé o kì í ṣe ewúrẹ́.”

Bàbá ló kọ́ Ìní ní ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní àwọn pupa ni alágbàárù, àwọn ni wọ́n ń gbé afẹ́fẹ́ tí a bá mí sínú káàkiri ara. Àwọn funfun ni sọ́jà. Àwọn kan tún wà tí wọ́n kéré jù wọ́n lọ, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa dí ibi tó bá ń jò. Kí èèyàn tó mọ̀ bóyá alágbàárù pọ̀ tó, a máa ń fa ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, a máa fi ẹ̀rọ yí i kíkankíkan, àwọn pupa á wá rọ̀ sí ìsàlẹ̀, omi tó pọ́n bí òróró á dúró lókè. Ibi tí pupa bá ga dé ni a ó fi rúlà wọ̀n. Ẹ̀rọ Bàbá ń lo iná, iná kì í sì í sí. Nítorí náà, wọ́n máa ń dojú kẹ̀kẹ́ wọn dé, wọ́n á di ọ̀pá gíláàsì mọ́ sípóòkù táyà ẹ̀yìn, ẹnì kan á sì máa fi ọwọ́ yí pẹ́dà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá Ìní nídìí kẹ̀kẹ́ yẹn, mo sáré, mo fi ìrọ̀rí méjì dí àárín àyà rẹ̀ àti gíláàsì fífọ́ tí kò tíì fọ́. Bàbá kò wò mí. “Àdùkẹ́, o ń dí afẹ́fẹ́ táyà.”

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ìjà wọn pẹ̀lú Tíṣà, nítorí òun ni gbogbo ìyókù dá lé.

Tíṣà ni aládùúgbò Bàbá, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n fi ọdún méje kéré sí Bàbá. Tíṣà ní àgbò funfun kan tí wọ́n fẹ́ràn ju aṣọ wọn lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìdúpẹ́ ilé tuntun, wọ́n mú àgbò náà jáde kí àwọn àlejò lè rí i. Bàbá dìde láàárín àwọn àlejò, wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú àgbò náà sísàlẹ̀, wọ́n sì sọ fún gbogbo ilé pé, “Ẹran yìí kò ní ẹ̀jẹ̀.”

“Ta ló pè yín?” ni Tíṣà wí.

Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n. Àgbò kú ní ọjọ́ kẹta, èyí ló sì wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ká ní ó yè ni, wọn ì bá ti fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Bàbá àti Tíṣà kò kí ara wọn fún ọdún mọ́kànlá, bẹ́ẹ̀ ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ohun tó pa àgbò lọ́wọ́ Tíṣà, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún un: “Ìtìjú ló pa á.”

Nísinsìnyí, ajá wa. Bisikíìtì ni orúkọ rẹ̀. Mi ò fẹ́ ajá nílé mi ní Ijapo, ní Àkúrẹ́, nítorí eyín àti eégbọn. Ṣùgbọ́n Ìní máa ń kólòlò. Ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò lè ka gbólóhùn kan parí níwájú ènìyàn, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì ti jẹ́ kó mọ̀. Ajá nìkan ló ń kàwé fún láìkólòlò. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́, lórí ẹní, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo máa ń dúró sí kọ́rídọ̀ láti gbọ́ ohùn ọmọ mi tó ń lọ geere. Nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ni mo ṣe gba ajá láyè.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Bisikíìtì kò dìde mọ́. Mo ṣí ẹnu rẹ̀, erìgì rẹ̀ funfun. Mo mọ ohun tí àìlẹ́jẹ̀ jẹ́, gbogbo wa la mọ ohun tí a máa ń fún aboyún àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi fún ajá náà ní ohun kan náà kí n tó pe Bàbá.

“Bàbá, ajá yìí máa kú, Ìní kò ní í sọ̀rọ̀ mọ́ láyé rẹ̀, wọn á yọ ọ́ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́—”

“Àdùkẹ́. Kí lo rí?”

“Erìgì rẹ̀ funfun.”

“Bí kí ni?”

“Bí inú àgbọn.”

“Ìtọ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó dà bí tíì tí kò ní mílíìkì.”

“Láti ìgbà wo? Kí lo sì ti fún un?”

“Ọjọ́ mẹ́rin. Mọ́ọ̀tì pẹ̀lú mílíìkì. Àti omi ẹ̀fọ́ ùgú.”

Mò ń retí èébú lẹ́nu Bàbá. “Ṣíbí mélòó?”

“Méjì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.”

“O ṣeun tí o wọ̀n ọ́n. Gbé e lọ bá Dókítà báyìí.”

Dókítà yìí ni ọ̀dọ́bìnrin tí Bàbá máa ń gbé fúláàsì lọ bá. Ó fa ẹ̀jẹ̀ Bisikíìtì, ó ní kí n fi ojú mi wò ó. Mo rí wọn nínú àwọn pupa, méjì-méjì, bí ẹ̀gúsí tí a fi ẹnu ṣóńṣó wọn kanra: kòkòrò tí eégbọn máa ń gbé wọ ara ajá. Oògùn wà fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀pá gíláàsì fi hàn pé pupa kò ju mọ́kànlá lọ nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ajá tára rẹ̀ yá máa ń ní bí ogójì. Dókítà ní àwọn alágbàárù tó ṣẹ́ kù kò lè gbé èémí títí oògùn á fi ṣiṣẹ́. Ó ní kí a wá ajá ńlá tí ara rẹ̀ le, tí yóò fún un ní ẹ̀jẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Mo kan géètì mẹ́rin ní Ijapo. “Ẹ̀jẹ̀ ajá mi? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?” Ọkùnrin kan kò tilẹ̀ bi mí léèrè, ó kàn ti géètì rẹ̀ pa. Mo tún pe Bàbá.

Wọ́n ní, “Ajá kan wà tí mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé. Mo máa ń rí erìgì rẹ̀ lójoojúmọ́ tó bá ń gbó mi.”

Gómìnà ni, ajá Tíṣà.

Tíṣà fúnra wọn ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Oǹdó ní àárọ̀ yẹn fún mi. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, wọ́n ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún Gómìnà, ni Bàbá bá ṣí géètì wọlé.

“Tíṣà, ẹ̀jẹ̀ Gómìnà ni mo wá tọrọ.”

“Ẹ̀jẹ̀ kí ni? Bàbá Ẹlẹ́jẹ̀, àgbò mi kò tó yín, ó tún kan ajá?”

Bàbá ṣàlàyé. Tíṣà gbọ́ ọ tán. “Ó dáa. Ẹ sọ pé kò sí ohun tó ṣe àgbò mi lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, èmi fúnra mi ni n ó wa Gómìnà lọ sí Àkúrẹ́.”

Èmi ì bá ti sọ ọ́ lọ́gọ́rùn-ún ìgbà. Ǹ bá fi kọrin. Bàbá dúró, wọ́n rò ó, wọ́n ní, “Mi ò lè sọ ọ́. Mo rí ojú rẹ̀, ó funfun.”

“Ẹ máa lọ nígbà náà.”

Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé géètì nígbà tí mo pè láti sọ pé Bisikíìtì ti ń mí bí ẹni tó sáré. Wọ́n fi fóònù sápò, wọ́n padà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì níwájú ẹni tí wọ́n jù lọ.

“Tíṣà, ohun tí mo rí nìkan ni mo lè sọ. Mo rí i pé àgbò yẹn lẹ́wà. Mo rí i pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, mo rí yín láti ojú fèrèsé mi, ẹ jókòó tì í nílẹ̀, ẹ ń sunkún. Mo rí yín, mi ò sì wá. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń rí i.”

Tíṣà sọ fún mi pé ohun tó wà níwájú àwọn ni àwọn kàn sọ. “Ẹ dìde. Ẹ dọ̀bálẹ̀ sórí oúnjẹ Gómìnà.”

Mọ́tò Tíṣà ni wọ́n gbé wá. Bàbá wà níwájú, Gómìnà na orí sáàárín wọn láti ẹ̀yìn, kò sì sí ẹni tó bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ajá ni wọ́n ń rán níṣẹ́.

“Gómìnà, sọ fún Bàbá Ẹlẹ́jẹ̀ kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn kúrò lórí rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ mọ́tò mi.”

“Gómìnà, sọ fún ọ̀gá rẹ pé kòtò wà níwájú.”

“Gómìnà, mo rí kòtò náà.”

Wọn kò rí i. Wọ́n já sí i. Bàbá nu itọ́ ajá kúrò ní èjìká wọn. “Gómìnà, má dá wọn lóhùn.”

Wọ́n dé ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Dókítà kọ́kọ́ yẹ Gómìnà wò, kò sí kòkòrò kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ àti ti Bisikíìtì. Wọ́n gbọ́dọ̀ ya omi inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sọ́tọ̀, kí wọ́n pò ó mọ́ pupa ti Gómìnà, kí wọ́n wò ó bóyá yóò so ní ìṣùpọ̀. Bó bá so, a jẹ́ pé ara Bisikíìtì yóò gbógun ti ẹ̀jẹ̀ náà. Dókítà fi ìgò sínú ẹ̀rọ. Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ tú èéfín lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá yí ojú sí fèrèsé. “Mo rí kẹ̀kẹ́.”

Kẹ̀kẹ́ mẹ́gáàdì ni. A dojú rẹ̀ dé sí àgbàlá. Èmi ni mo di àwọn ìgò mọ́ sípóòkù, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí táyà má baà gbọ̀n. Òwú ìránṣọ inú báàgì mi ni mo lò, mo lọ́ ọ ní ogún ìgbà, mo ta kókó mẹ́ta. Bàbá ń wo aago. Ó ku ẹni tí yóò yí pẹ́dà. Tíṣà wo gbogbo wa, wọ́n ká ọwọ́ agbádá wọn sókè, wọ́n jókòó sórí bíríkì kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

“Ẹ ń dín eré kù,” ni Bàbá wí. Ọ̀rọ̀ kìíní tí wọ́n bá Tíṣà sọ ní tààrà láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Oǹdó nìyẹn.

“Ogún ọdún ni mo fi ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́! Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí!”

“Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ yí i.”

Gómìnà ń gbó táyà. Mẹ́gáàdì ń gbàdúrà fún kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó pé, Dókítà po ẹ̀jẹ̀ méjèèjì, ó gbé gíláàsì sábẹ́ máíkírósíkóòpù tí a gbé sójú oòrùn, ó wò ó, ó sì sún fún Bàbá. Bàbá wò ó pẹ́. Tíṣà ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí bíríkì.

“Kí lẹ rí?” ni Tíṣà bi wọ́n.

“Wọn ò bá ara wọn jà,” ni Bàbá wí.

Aago mẹ́ta ni mo mú Ìní dé láti ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń kán wọ ẹsẹ̀ Bisikíìtì láti inú àpò kan lára ògiri. Gómìnà ń jẹ búrẹ́dì. Ìní jókòó sílẹ̀, ó yọ ìwé kíkà rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó gbàgbé pé àwa èèyàn wà níbẹ̀. Ó ka ojú ìwé kan, ó ka ìkejì. Ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, mo rí Tíṣà tí wọ́n gbé ìka sókè bíi ti kíláàsì, mo sì rí Bàbá tí wọ́n di ìka náà mú, tí wọ́n gbé e sílẹ̀, tí wọn kò sì fi í sílẹ̀ títí Ìní fi parí. Kí ó tó parí, Bisikíìtì ti gbé orí lé orúnkún rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, Tíṣà àti Bàbá kò yéé bá ara wọn jà, ṣùgbọ́n wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní ìgbà òjò ọdún yìí, mo lọ sí Oǹdó, mo bá Bàbá lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pẹ̀lú dígí ọwọ́. Wọ́n fa ìpéǹpéjú ara wọn sísàlẹ̀, wọ́n ń wò ó. Mo gbé báàgì sílẹ̀. “Bàbá, ẹ̀rù ń—”

Wọ́n wò mí.

Mo kúnlẹ̀, mo wo ojú wọn dáadáa. “Ó funfun, Bàbá.”

“Bí kí ni?”

“Bí inú àgbọn.”

“O ti mọ̀ ọ́n.” Wọ́n wo inú báàgì mi, ibi tí ìgò mọ́ọ̀tì mẹ́fà wà. “Gbé ìyẹn fún àwọn ewúrẹ́.”

A gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Kíndìnrín wọn ló ti rẹ̀. Tíṣà ń wá lójoojúmọ́ láti yẹ àwọn ewúrẹ́ wò, wọ́n á sì wá jábọ̀ lẹ́bàá ibùsùn: ojú Àdùkẹ́ pupa, ojú Bùnmi pupa. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Tíṣà mú Gómìnà wá, wọ́n jókòó sí ìlà àwọn ẹbí. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ta ló pè wọ́n.

Ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ Bàbá ti wà lọ́dọ̀ wa báyìí. Sátidé tó tẹ̀lé ìsìnkú, Ìní, tó ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá, pè mí sórí ẹní. Ó ti ń fọwọ́ pa orí Bisikíìtì fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Mà-màmi, ṣé Bi-Bisikíìtì náà máa kú?”

Ìdáhùn tó wá sí mi lẹ́nu gùn. Eégbọn wà nínú rẹ̀, mọ́tò wà nínú rẹ̀, ọjọ́ orí ajá náà sì wà nínú rẹ̀. Mo gbé e mì. Mo fi àtàǹpàkò gbé ètè ajá sókè, mo yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo sì wò ó fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

“Kọ ọ́ sílẹ̀,” ni mo sọ fún ọmọ mi. “Pupa ni mo rí.”